Tòmátì Kánò, gbànja Ṣágámù: ta ló lè dá jẹun?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá, èwo ló hù ní Ẹdẹ níbí? Ẹ rọra rò ó. Ó ṣeé ṣe kí àlùbọ́sà ti Kebbi tàbí Ṣókótó wá, kí tòmátì ti Kánò wá, kí ẹran náà sì ti Òkè Ọya wá.

Mo bèèrè torí ọ̀rọ̀ táwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ lórí ayélujára: kí kálukú máa jẹ tiẹ̀. Ó dùn-ún sọ lẹ́nu, àmọ́ a ti tọ́ ọ wò rí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù ní àwọn ò ní kó ọjà wá sí Gúúsù mọ́. Wọ́n dá ọkọ̀ ẹrù dúró ní Jẹ́bà. Kò pẹ́ rárá tí àlùbọ́sà àti ẹran fi gbówó lérí lọ́dọ̀ wa. Ṣé àwọn náà wá jèrè? Rárá o! Tòmátì kì í dúró de ìpàdé àláfíà. Ṣe ló ń jẹrà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, wọ́n ṣí ọ̀nà padà.

Kí ló dé tá ò fi gbin tiwa? Kì í ṣe ọ̀lẹ, ojú ọjọ́ ni. Àlùbọ́sà fẹ́ ibi gbígbẹ àti òtútù ọyẹ́. Lọ́dọ̀ wa, òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá, ọ̀rinrin yẹn ló sì ń kó àrùn ran tòmátì. Òjò Kánò kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omi dáàmù Tiga, tí wọ́n kọ́ parí ní 1974, ló ń gba ojú kòtò lọ sí oko Kadawa, tí wọ́n fi ń gbin tòmátì lẹ́ẹ̀rùn.

Àwa náà ní tiwa. Kòkó, epo pupa àti gbànja fẹ́ ilẹ̀ igbó àti òjò. Gbànja kò lè hù ní Kánò, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ láìsí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ti ọjà Ṣágámù gòkè lọ. Kódà láàárín Yorùbá, Òkè-Ògùn tó jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn ló ń fún wa ní èlùbọ́, Oǹdó tó jẹ́ igbó ló ni kòkó.

Ṣùgbọ́n èyí ò ní ká káwọ́ gbera, ká máa wo ojú ọ̀nà. Lọ́dún 2016, kò sí ìjà kankan tí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta fi ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná, tí owó tòmátì sì lọ sókè káàkiri. Kánò tí òjò rẹ̀ kéré fi omi dáàmù tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Àwa tí a ní odò Ọ̀ṣun àti Erinlẹ̀ nítòsí ńkọ́? Bí àgbẹ̀ Ẹdẹ bá rí ẹ̀rọ tí yóò fi fa omi lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí àrùn ò pọ̀, a ó ní díẹ̀ nílé. Ọ̀nà tó dí fún ọ̀sẹ̀ kan kò ní dá ìkòkò wa dúró.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ká máa bára wa tajà lọ, àmọ́ ká gbin ìwọ̀nba tí ilẹ̀ wa bá gbà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?