Pípa Iná Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ iná ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti sú wa. Rìwáyà á yọ orí bátìrì, iná á kú, a ó sanwó. Kò pẹ́, ó tún tàn. Wọ́n á ní ká ra sẹ́ńsọ̀.

Láti 1996 ni ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojúhò lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù fún ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń sọ kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Àmì àìsàn ló ń sọ. P0171 ní epo kéré sí afẹ́fẹ́: ó lè jẹ́ rọ́bà tó ya, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. Ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ láìwo rọ́bà lè fi owó oúnjẹ ọmọ ṣòfò.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró: epo tí kò jó ń wọ ẹ́sọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Awakọ̀ tó bá fi iná náà sùn yín ti ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ní kó máa lọ, tí ẹ́ńjìnì sì kú, a kò ní gbà kí ẹ yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀.