Igi Tó Ń Pa Ará Ilé Rẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ igi bá dé, ohun kan ṣoṣo là ń gbọ́: ẹ gbìn ín, ẹ má gé e. Wọ́n ń sọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí bí ẹ̀rọ agégi ṣe sọ igbó ilẹ̀ Ọ̀ṣun di pápá kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí igi gbígbìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kù síbì kan, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àwa ará Ìgbàyè, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù tẹ́tí sí. Igi mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá dúró, àwọn tó yí i ká ni yóò kú. Ẹni tó bá fẹ́ràn igi ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ lè gé irú èyí.

Ẹ wo àfòmọ́ lórí ọsàn. Ẹyẹ ló jẹ èso rẹ̀ níbòmíràn, tó wá yà á sórí ẹ̀ka. Èso náà lẹ̀ mọ́ igi, ó ki ẹnu bọ inú èèpo, ó ń mu omi tí ọsàn ti forí ṣe fọrùn ṣe fà láti inú ilẹ̀. Òwe ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ìbátan rẹ̀. Ìbátan tó ń jẹ ni run ni. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í já ewé àfòmọ́ nìkan. Ẹ̀ka tó dì mọ́ ló ń gé, á sì gé e wọnú díẹ̀ sí i, torí ó ti rìn lábẹ́ èèpo dé ibi tí ojú kò rí. Bó bá ti gba gbogbo orí ọsàn, igi náà lódindi ni yóò lọ, nítorí láti orí rẹ̀ ni ẹyẹ yóò ti máa gbé èso àfòmọ́ lọ bá kòkó àti obì aládùúgbò.

Ti kòkó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1936 ni wọ́n kíyè sí àrùn kan ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Nígbà tó di 1944, wọ́n rí i lágbègbè Ìbàdàn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Igi tó ní in kì í kú lójijì. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀ka tútù rẹ̀, ẹ ó bá ibi tó wú bí oríkèé ìka tí làkúrègbé mú. Iṣan ara ewé tuntun rẹ̀ á pọ́n, èso rẹ̀ á kéré, á rí roboto. Ó lè má ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ tí yóò fi kú. Kòkòrò kékeré kan, tó funfun bí ìyẹ̀fun, tó ń fa omi ara kòkó, ló ń kó o ran òmíràn. Èèrà ń tọ́jú kòkòrò yìí bí Fúlàní ṣe ń da màlúù, á sì máa gbé e lọ sórí igi mìíràn níbi tí ẹ̀ka bá ti kan ẹ̀ka. Kò sí oògùn tí a lè fín tí yóò wo igi náà sàn. Kí a gé e ló kù, pẹ̀lú àwọn tó sún mọ́ ọn tí ara wọn ṣì ń dán, kí a sì hú kùkùté rẹ̀ kó má baà tún rú.

Ìjọba àmúnisìn mọ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é bí ẹni ń kógun wọ̀lú. Àwọn agégi wọ oko olóko, wọ́n ń gé igi tó ṣì ń so lójú ẹni tó gbìn ín. Owó ilé ìwé ọmọ àti páànù ilé tí kò tíì parí ló ń wó lulẹ̀ yẹn. Ní Gánà, ìbínú náà wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ Watson, tó wádìí rògbòdìyàn ọdún 1948, kà sí ìdí rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ẹgbẹ́ Máyégún dìde fún àwọn àgbẹ̀. Mo gbà pé àwọn àgbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú: wọn ò bá wọn sọ̀rọ̀ tó, owó gbà-má-bínú kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn kò ní kí àrùn dúró. Ó ṣì ń jà títí dòní, Gánà nìkan sì ti gé ju 200 mílíọ̀nù igi kòkó lọ nítorí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé àrùn náà ti wà lára igi igbó wa, bí àràbà àti osè, kí kòkó tó dé. Ṣé kí a wá gé gbogbo àràbà ni? Rárá o. Àràbà tó dúró sí bèbè odò Ọ̀tìn ń di ilẹ̀ mú kó má ya sínú odò, odò yẹn náà sì ni wọ́n sé ní Èkó-Èǹdé tí omi ẹ̀rọ wa ti ń wá. Èyí tó wà láàárín oko kòkó nìkan ló yẹ ká wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹlòmíràn á ní àwọn oníṣòwò pákó àti aṣèédú yóò fi ọ̀rọ̀ mi bojú. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní ìbéèrè kan fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé àdá tọ igi: ta ni yóò jèrè bó bá ṣubú? Ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1995 ni ìjọba ti ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ láti gé àwọn igi ilẹ̀ Australia tó ń mu omi odò wọn gbẹ. Odò ló jèrè níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àpò agégi nìkan ló jèrè, kó dá àdá rẹ̀ padà sínú àkọ̀. Bó bá sì jẹ́ igi tó kù ni, kó pe aládùúgbò wá wo àrùn náà kó tó gé e, kó sì gbin òmíràn dípò. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti 1964 ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn tó lè fara dà á.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kí òjò tó wọlé dáadáa, ẹ rìn yí oko yín ká, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀ka tútù. Ibi tó bá wú, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ àgíríìkì ìjọba ìbílẹ̀, ì báà ṣe Odò-Ọ̀tìn tàbí Ìfẹ́lódùn, kí wọ́n wá bá yín wò ó. Bí wọ́n bá ní òun ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé e lọ́jọ́ náà.