VCD ló borí lọ́jà, DVD ló yẹ èdè wa

Iṣẹ́ àmúrelé kan ló gbé wa dé Mọ́kọ́lá. Olùkọ́ wa ní kí á wo fíìmù àgbéléwò kan tó jáde kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, kí á sì kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa oríkì àti òwe inú rẹ̀. A wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí, a ò rí i. Màmá ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Mọ́kọ́lá ló ní òun ní in, síídì méjì tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. A wọ Micra láti Agbowó, inú wa ń dùn.

Ìgbà tí a débẹ̀ ni a tó rántí pé kò sí laptop ẹnì kankan nínú wa tó ní ojú tí wọ́n ń ti síídì bọ̀. Ẹ̀rọ DVD Màmá ti kú tipẹ́, rìmóòtù nìkan ló kù. A yí Mọ́kọ́lá po títí a fi rí bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe, tó yá wa ní tirẹ̀. Àwo kìíní lọ geere. Àwo kejì dé ìdajì, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í já sí wẹ́wẹ́, ó sì dúró gbagidi. Ohun tí Màmá rántí nípa ìparí fíìmù náà la fi parí iṣẹ́ wa.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀: nínú VCD àti DVD, èwo ló ṣe wá lóore, èwo ló pa wá lára? Èrò wa rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ VCD wọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni àwọn òbí wa fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù àgbéléwò. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì ni Túndé Kèlání gbé Tí Olúwa Nilẹ̀ jáde lọ́dún 1993. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ń já, ó ń bu, ó sì ń gba àyè. VCD, tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1993 yẹn kan náà, kì í já. Nígbà tí a wọ ọdún 2000, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò lórí àtẹ. Àwo rẹ̀ kò wọ́n láti tẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọ́n láti rà. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwa àti àwọn ará Éṣíà gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí kò lówó lọ́wọ́ ló tipasẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá nínú pálọ̀.

Àmọ́ ohun tó pọ́n lójú kò pọ̀ nínú. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 péré ni àwo VCD kan gbà, ìdí nìyẹn tí fíìmù wákàtí méjì fi ń gba àwo méjì. Tí ìkan bá sọnù, ìtàn ti gé sí méjì nìyẹn. DVD tó jáde ní Jàpáànì lọ́dún 1996 kò fẹ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ ó gba gígábáìtì 4.7, níbi tí síídì ti ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 700. Àwòrán VCD jẹ́ 352 × 288, ti DVD jẹ́ 720 × 576. Ti VCD kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Kì í ṣe àwòrán ló dùn wá jù, èdè ni. Lórí VCD, wọ́n lẹ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àwòrán ni. Bí ó bá kún fún àṣìṣe, bí ó bá sọ òwe di ọ̀rọ̀ lásán, ẹ ò lè yọ ọ́. DVD kan lè gba oríṣi ìtumọ̀ 32, kí ẹ fi rìmóòtù mú èyí tó wù yín, tàbí kí ẹ pa gbogbo rẹ̀. À bá ti ní Yorùbá tó lámì ohùn níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ èdè, à bá ti ní Faransé fún àwọn ẹ̀yà wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Kí la fi àyè yẹn ṣe? Àwọn tó ń ṣe àdàkọ láìgbàṣẹ ló rí i lò: fíìmù mẹ́wàá sínú àwo kan, kí gbogbo rẹ̀ máa ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀.

Blu-ray ńkọ́? Òun àti HD DVD jọ wọ̀yá ìjà lọ́dún 2006. Toshiba jọ̀wọ́ HD DVD ní oṣù kejì ọdún 2008, Blu-ray sì borí. Àwa ò mọ ẹnì kan ládùúgbò tó rà á.

Àwọn kan á ní, ‘Ṣebí YouTube wà?’ Ó wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tuntun kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkísà, ìyẹn àwọn fíìmù àtijọ́ tí àgbà òṣèré ti ń sọ ojúlówó Yorùbá, ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ àwọn ìyá wa, wọ́n ń bàjẹ́ lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Ẹ wá síídì inú ilé yín jáde kúrò nínú oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Ẹ wá ẹ̀rọ tó lè ka síídì, tí wọ́n ń ti okùn USB bọ laptop. Inú fódà MPEGAV ni fíìmù VCD wà. Ẹ dà á kọ pamọ́ fún ẹ̀kọ́, ẹ má tà á. Ẹ̀yin àgbà tó ti gboyè jáde, tí ẹ mọ àwọn tó ni fíìmù wọ̀nyí, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ̀ka ìkẹ́kọ̀ọ́ wa láyè láti tọ́jú ẹ̀dà kan. Àwa ṣe tán láti kọ ìtumọ̀ Yorùbá alámì ohùn sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá Mọ́kọ́lá ṣì rántí ìparí fíìmù yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé orí Màmá nìkan ni yóò kù sí.