Ọkọ̀ ń Ké, Ẹ Di Etí: Ẹ̀sùn láti Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ̀yin awakọ̀ àti alákòóso gáréèjì, mo fẹ̀sùn kàn yín. Ọkọ̀ kì í dédé pariwo nígbà tí a bá tẹ tọ́tù. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, jíà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́rùn jù lọ, ohun tó bá ti rẹ̀ nínú wọn á sì fọhùn. Ẹ gbọ́ ohùn náà, ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ etí dídi sí i.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ kì í bèèrè kí ẹ tó tú ọkọ̀. Ẹni tó ń kó iṣu gbé ọkọ̀ wá, ó ní ọkọ̀ náà ń hu bí òun bá ń sáré. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹ fi ní jíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́, kó lọ wówó. Ṣé ẹ gbìyànjú láti tẹ tọ́tù lórí ìdúró, láìki jíà? Bó bá hu níbẹ̀, ẹ́ńjìnì tàbí ohun tó so mọ́ ọn ni, ẹ fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń rìn nìkan ló ń hu, ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ míì, ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, kí ẹ yọ jíà sí fíríì. Bí híhu náà kò bá dúró, tó ń rọlẹ̀ bí ìrìn ọkọ̀ ṣe ń rọlẹ̀, bíárìn ẹsẹ̀ tàbí táyà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ rọra yí sítíárìn sí òsì: ìwúwo ọkọ̀ á bọ́ sápá ọ̀tún. Bí ohùn bá ròkè, bíárìn ọ̀tún ló ti jẹ. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, àmọ́ ẹ ò ṣe é, ẹ sì gba owó iṣu ọdún kan lọ́wọ́ olówó iṣu.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ rí àìsàn kékeré, ẹ dákẹ́ kó lè di ńlá. Kọ́-kọ́-kọ́ tí à ń gbọ́ nígbà tí a bá ká sítíárìn dópin tí a sì tẹ tọ́tù, orí ṣáàfù iwájú ni. Rọ́bà tó bò ó ló kọ́kọ́ ń ya, gíríìsì á jáde, eruku pupa ọ̀nà wa á wọlé, á sì máa lọ irin. Ẹ ti rí rọ́bà yẹn nígbà tí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ṣe bíréèkì. Odindi ṣáàfù lérè ju rọ́bà lọ, ìyẹn lẹ ṣe panu mọ́. Bákan náà ni “gbì” ẹyọ kan tó ń dún bí a bá ṣe ń tẹ tọ́tù: síìtì ẹ́ńjìnì tó já ló sábà máa ń fà á, ẹ sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa fò títí yóò fi fa ohun mìíràn ya.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù, ẹ̀yin olùtà ọkọ̀ ni mo sì ń bá wí. Gbọ̀n-gbọ̀n jíjinlẹ̀ tó ń yára bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára, bíárìn inú ẹ́ńjìnì ló ti jẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bu ọ́ìlì tó ki sí i, ìró náà á lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ á ta á. Ẹ sì mọ̀ pé olùrà lè má rí yín mú: láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá yọ́ gba ọ̀nà Kútọnu wọlé kò níwèé, ẹni tó rà á kò sì rẹ́ni fi ẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, kí ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí ẹ wò ó bóyá irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin kúrú: ẹ gé catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, kúrò lára páìpù èéfín, ẹ ní ó ti dí, ẹ tà á nítorí platinum àti palladium, àwọn irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ wá ń bú ramúramù, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀sùn karùn-ún, ti ìjọba ni. Tín-tín-tín tí à ń gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ tó rù èédú ń gun òkè, bẹntiróò tó gbaná láìtó àkókò lè fà á. Ní ọdún 1921, àwọn ará Amẹ́ríkà rí i pé òjé ń pa ìró yìí, wọ́n sì dà á sínú epo káàkiri ayé. Wọ́n pa ìró náà, wọ́n sì dá májèlé sílẹ̀. Ìgbà tó di 2006 ni púpọ̀ nínú Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà tó bọ́ nínú rẹ̀. Àwa náà tún rí tiwa. Ní oṣù kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà epo, jẹ́wọ́ pé bẹntiróò tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ọjà. NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, ní láti Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀m ló ti wá, pé àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò wá methanol nínú rẹ̀. Ta ló san owó pọ́ḿpù epo tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ awakọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀?

Ẹ̀sùn tó kù, ti ẹ̀yin awakọ̀ ni. Bíárìn ń hu, ẹ yí rédíò sókè. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti di títì dáadáa, eré sì ti pọ̀ sí i lórí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yọ lórí eré bẹ́ẹ̀, èrò inú ọkọ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí alákòóso gáréèjì tẹ́tí sí ọkọ̀ kó tó gba èrò, kí èyí tó ń hu dúró. Kí mẹkáníìkì kó ògbólógbòó pátì tó bá yọ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì fi ibi tó ti jẹ hàn án kó tó gba owó.