Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó fẹ́ràn ìwé àti eré tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń tọpa apànìyàn nínú òkùnkùn, tí anjọ̀nú tàbí àjẹ́ sì ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ó ní ìpín kan péré ni ẹ fẹ́ wò kí ẹ tó sùn. Kí ẹ tó mọ̀, ìpín karùn-ún ti ń lọ, àkùkọ sì ti ń kọ. Èmi náà kò yọ ara mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ẹ̀mí àìrí bá pàdé nínú ìtàn kan ṣoṣo, ta ni ó yẹ kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn?

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tí ó ké lánàá ni ó pa ọmọ jẹ?” Òwe náà dùn létí, ó sì ń kọ́ ni láti so ọ̀rọ̀ kan mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò ní kí ẹ dúró ná. Ta ni ó gbọ́ igbe náà? Kí ni ọmọ náà jẹ sùn? Ṣé ara rẹ̀ kò ti máa gbóná láti ìjẹta? Ẹni tí ó bá béèrè báyìí kò sọ pé àjẹ́ kò sí o. Ohun tí ó ń sọ ni pé igbe kì í ṣe ẹ̀rí.

Orin-Èkìtì, nítòsí Ìdó, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì sí nígbà náà. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a wà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni ó wà ní agboolé wa, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe. Eré Jimoh Aliu ni tọmọdé tàgbà ń retí. Ọmọ Èkìtì wa níhìn-ín ni bàbá náà, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tí a bí ní ọdún 1934. Ó kọ́ṣẹ́ tíátà lọ́dọ̀ Akin Ògúngbè, ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1967, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọdún 1975 láti gbájú mọ́ tíátà. Òun ni ó gbé Àrélù àti Yánpọnyánrin jáde. Bí Fádèyí Olóró bá ti yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú oògùn lọ́rùn àti ọfọ̀ lẹ́nu, ọmọdé kankan kò ní dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ lóru ọjọ́ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, eré ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ amúnáwá kú. Epo ti tán. Ẹnìkan jáde lọ bu epo sí i. Ó pẹ́ díẹ̀, a ń kùn, iná sì padà tàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbe ìyá tí ó ń gba èsúsú àwọn obìnrin agboolé ni ó jí wa. Owó èsúsú, èyí tí obìnrin méjìlá ti ń dá láti ìgbà tí kòkó ti gbó, ti pòórá nínú àpótí irin tí ó wà lábẹ́ ibùsùn wọn.

Gbogbo agboolé ni ó wà ní pálọ̀ Bàbá Tíṣà lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi ẹnìkan. Yèyé kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, opó, arúgbó, tí kì í wo eré náà nítorí ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù fún òun. Ohun tí ó kọ́kọ́ ta bá wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan rántí pé òwìwí ké lórí igi lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹlòmíràn rántí pé Yèyé ti béèrè nígbà kan rí iye tí èsúsú náà yóò jẹ́. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ọ̀rọ̀ ti di pé ẹ̀mí ni Yèyé fi gbé owó náà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan àpótí mọ́. Wọ́n pa á dé, wọ́n sì ránṣẹ́ sí onígbálẹ̀, irú àwọn tí ń gbé ìgbálẹ̀ sí ènìyàn lọ́rùn láti mọ olè.

Èmi ńkọ́? Mo sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi pé mo rí Yèyé lóru, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí iná. N kò rí nǹkan kan. Inú eré ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gbé e lọ fún ìyá wọn, àwọn ìyá sì gbé e fún ara wọn, ọ̀rọ̀ ọmọdé sì di ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò dúró ti Yèyé nídìí kànga mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìkọ̀lé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Tíṣà dé láti Adó, níbi tí wọ́n ti lọ máàkì ìwé ìdánwò. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àpótí náà wá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wò ni àgádágodo rẹ̀: irin ni wọ́n fi já a. Wọ́n ní, “Ẹni tí ó lè fi ẹ̀mí gbé owó, kí ni ó fẹ́ fi irin ṣe?” Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì mú gèlè tí wọ́n fi di owó náà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e símú. Òórùn méjì ni ó wà lára rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni káfúrà tí gbogbo ìyá máa ń fi sáàárín aṣọ. Ti èkejì ni bẹntiróòlù.

Bàbá Tíṣà dákẹ́ pẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó fọwọ́ kan bẹntiróòlù lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni náà sì ni àkọ́bí tiwọn. Bí wọ́n bá ká gèlè náà padà, ta ni ìbá mọ̀? Onígbálẹ̀ ń bọ̀, ẹni tí gbogbo ayé ti dá lẹ́bi ti lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n pe ọmọ náà lójú gbogbo wa, wọ́n ní kí ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì bi í léèrè. Abẹ́ òrùlé ilé adìẹ ni wọ́n ti bá owó náà, ó ti dín díẹ̀.

Wọ́n rán àwọn àgbà mẹ́rin lọ bẹ Yèyé ní Ìkọ̀lé. Ó gbà wọ́n lálejò, ó fún wọn lóúnjẹ, ó ní òun kò bínú. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè sùn mọ́ nínú ilé tí àwọn ọmọdé ti ń sá fún òun. Kò padà wá títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi di òní olónìí, nítorí pé èmi wà lára àwọn ọmọdé náà.

Ẹ má ṣe rò pé Jimoh Aliu ni mò ń dá lẹ́bi. Nínú eré wọn, ìkà ní ojú, ó ní orúkọ, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Àwa ni a bọ́ ẹ̀wù ìkà náà kúrò lọ́rùn Fádèyí, tí a fi wọ arúgbó aláìṣẹ̀. Ìbẹ̀rù tí eré fi sí wa lára ni olè náà rí lò. Bí gbogbo ènìyàn bá ń wo ojú ọ̀run nítorí òwìwí, ta ni yóò wo ilẹ̀ kí ó rí ojú ẹsẹ̀?

Nígbà tí mo dàgbà ni mo rí ibi tí Bàbá Tíṣà ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Orí pẹpẹ ìwé wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí Kọ́lá Akínlàdé, ẹni tí ó kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní ọdún 1971 àti Owó Ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1976. Ẹgbẹ́ wọn ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà, pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, ti ń gbógun ti àwọn ọ̀daràn. Bí ẹ kò bá tíì ka àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ wá wọn rí. Ẹ ó rí i pé Yorùbá tí a fi ń tú àṣírí apànìyàn ti wà kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ìjà láàárín ẹ̀rí àti ẹ̀rù kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1902, Arthur Conan Doyle tẹ ìwé The Hound of the Baskervilles jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ajá abàmì kan tí ó ti ń da ìdílé ọlọ́lá kan láàmú láti ayébáyé ni. Sherlock Holmes kò fi àwọn tí ẹ̀rù ń bà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń wá ẹni tí ikú náà yóò ṣe lóore ni, ó sì rí i. Ẹni tí ó kọ ìwé yìí fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn òkú lè bá alààyè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí iwin jẹ́ adájọ́ nínú ìtàn náà. Ní ọdún 1929, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Ronald Knox to òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pé agbára àìrí kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdáhùn sí àdììtú.

Èmi kò ní le tó Knox. Ayé tiwa kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn Yorùbá tí kò sí ọfọ̀, ìran tàbí àlá nínú rẹ̀ lè dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ẹ wo ohun tí Kunle Afolayan ṣe. Nínú The Figurine, tí ó jáde ní ọdún 2009, ó fi ère òrìṣà kan sáàárín àwọn ọ̀rẹ́, ó sì jẹ́ kí a rí ọwọ́ ènìyàn níbi tí a ti rò pé ti òrìṣà ni; ó wá fi ìbéèrè sílẹ̀ fún olúwòran láti dáhùn fúnra rẹ̀. Nínú October 1, tí ó jáde ní ọdún 2014, Sadiq Daba ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Danladi Waziri, tí wọ́n rán sí ìlú Akote nígbà tí òmìnira ọdún 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀, láti mọ ẹni tí ń pa àwọn ọ̀dọ́bìnrin. N kò ní tú àṣírí fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ òkùnkùn náà, ọgbẹ́ tí ènìyàn dá sí ènìyàn lára ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ìtàn yìí, tàbí tí ẹ ń ronú àtikọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀mí àìrí wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó dẹ́rù bà wá, kí ó ta wá lólobó, kódà kí ó ran ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ru ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn lọ. Bí iwin bá pa gbogbo òkú inú ìtàn, kò sí ẹni tí yóò jẹ́jọ́, kò sì sí ohun tí òǹkàwé yóò bá lọ sílé ju ìfura sí aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ìfura bẹ́ẹ̀ ń ṣekú pani. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀: abala 210 rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì lè tẹ̀lé e. Síbẹ̀, kí òfin tó dé, ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde lẹ́nu. Bí ikú òjijì bá wọ ilé, tàbí tí owó bá sọnù, tí ẹnìkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí òwìwí tí ó ké, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ní kí wọ́n gbé àpótí wá. Ẹ wo àgádágodo. Ẹ gbé gèlè símú. Bí òórùn náà bá sì tọ́ka sí ilé tiyín, ẹ ṣe bí Bàbá Tíṣà ti ṣe.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ojú olè wo aláìṣẹ̀.