Algorithm: Orúkọ Àáfà Kan Nínú Fóònù Wa

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè lójoojúmọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: algorithm.

Ohun tí ó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa níbí, ní Kwangila. Bàbá kan tí ó ń ta táyà lẹ́bàá títì ńlá tí ó lọ sí Kano ni ó jáde láyé. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn pín owó tí ó fi sílẹ̀. N kò tíì jókòó tán tí àkọ́bí olóògbé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, fi na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Àáfà, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Algorithm ti pín in."

Mo wo ojú fóònù náà. N2,640,000 ni gbogbo owó. Ó fún ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyí tí í ṣe N330,000. Ó fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo ní N462,000, ó sì fún àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ní N924,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò náà pé, kò lé, kò dín. Mo wá béèrè ohun méjì: ǹjẹ́ olóògbé jẹ gbèsè? Ǹjẹ́ ìyá rẹ̀ wà láyé? Gbogbo ilé dákẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, kí a tó mọ ohun tí ó wọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí algorithm jẹ́. Òun ni ìgbésẹ̀ atẹ̀léra tí a là kalẹ̀ láti yanjú iṣẹ́ kan: èyí ni kí o kọ́kọ́ ṣe, èyí ni kí o ṣe tẹ̀ lé e, ibí ni kí o dúró sí. Ẹni tí ó fẹ́ ro àmàlà mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ hó kí èlùbọ́ tó wọ inú rẹ̀. Bí a bá kọ ìlànà yẹn sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, tí ẹni tí kò ro àmàlà rí fi lè tẹ̀ lé e, algorithm ni a kọ yẹn. Nígbà tí a bá kọ ọ́ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, ó di program. Nítorí náà, kì í ṣe fóònù ni algorithm, kì í sì í ṣe àlùjọ̀nnú inú fóònù. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa má sì ṣe fi rọ́pò logarithm, èyí tí à ń wá nínú ìwé tébù oníṣirò. John Napier ará Scotland ni ó gbé ìyẹn jáde ní ọdún 1614.

Ibo ni orúkọ náà ti wá? Bí a ti ń pe Sheikh Adam Abdullah ti Markaz Àgége ní al-Ilori nítorí ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a pe Muhammad ọmọ Musa ní al-Khwarizmi nítorí Khwarizm, agbègbè kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Ìlú Baghdad ni ó ti ṣiṣẹ́ ní ayé Kálífà al-Ma'mun, ẹni tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833. Ó kọ ìwé lórí bí a ṣe ń fi òǹkà àwọn ará Íńdíà ṣe ìṣirò. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn ní ọ̀rúndún kejìlá, orúkọ rẹ̀ di Algoritmi lẹ́nu wọn. Láti ibẹ̀ ni algorithm ti jáde. Ìwé rẹ̀ mìíràn, èyí tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 820, ni ó bí orúkọ áljẹ́brà. Apá tí ó gùn gan-an nínú ìwé náà dá lórí wàsíyà àti ogún pípín. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí ọmọ yìí gbé fún fóònù kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí ẹni tí ó ni orúkọ náà.

Lónìí, ibi tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù ni orí Facebook, YouTube àti TikTok. Wọ́n á ní, "Algorithm ló gbé fídíò yẹn wá." Òótọ́ ni. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tí ó ń ṣírò ohun tí ọmọ rẹ ti wò sẹ́yìn àti bí ó ti pẹ́ tó nídìí rẹ̀, kí ó lè gbé irú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó kọ ìlànà náà, èrè ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ó ń wò. Kò béèrè bóyá ọmọ ti kírun.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kwangila. Olóògbé jẹ gbèsè N240,000 lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kó táyà fún un láwìn. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ arúgbó ń bẹ ní Ọ̀ffà. Fóònù ti béèrè nípa méjèèjì. Ọmọ náà ló kánjú fò wọ́n. A yọ gbèsè kúrò, ó ku N2,400,000. Ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, N400,000. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, N300,000, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ inú Súrátù Nísáì, áyà 11 àti 12. Ó ku N1,700,000: ọmọbìnrin gba N340,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba N680,000. N244,000 ni ó kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó tẹ orí ba fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Àáfà, èmi fúnra mi ni n ó gbé ti Ìyá Àgbà lọ sí Ọ̀ffà."

Ẹ̀yin òbí, n kò ní kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ náà ṣírò dáadáa, ó yára jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyá arúgbó tí a kò dárúkọ fún un, kò sì ní dúró lọ́jọ́ ìṣirò láti dáhùn nítorí owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé algorithm ti pín in, ẹ bi í léèrè ta ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Kí Ọlọ́hun kọ́ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí Ó má jẹ́ kí a jẹ ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́. Àmín.