Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Òyìnbó fún Yín Nídìí Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ JAMB àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ sọ. Àwa tí a ń tajà ní Bódìjà, Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. À ń tajà fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò wọlé. Owó fọ́ọ̀mù ń lọ, ọjọ́ orí náà ń lọ.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe nínú ìdánwò yìí. Dandan ni Òyìnbó fún gbogbo wọn, ì báà ṣe dókítà, ì báà ṣe lọ́yà ni wọ́n fẹ́ dà. Ìbéèrè 60 ló wà nínú Òyìnbó, 40 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní kí ọmọ mú èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn jù, tàbí èyí tó lòdì sí i.

Àwọn ọmọ wa kàn ń há ọ̀rọ̀ sórí bí odídẹrẹ́ ni. Lọ́dún 2023, mo bi ọmọ-ọmọ mi pé kí ni frugal. Ó ní stingy ni. Mo ní kí ni stingy lédè wa? Ó ní ahun. Mo ní kó wo dikíṣọ́nárì kó tún frugal wò. Ó kà á, ó ní ẹni tí kì í fowó ṣòfò ni. Mo ní, “Háà! Oníbàárà tó ń ṣọ́wó ná àti ahun, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Pírámárì 6 ni mo kà o. Mi ò mọ frugal tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ahun! Ọ̀rọ̀ ọjà pọ̀ nínú Òyìnbó. Haggle, ká nájà ni. Glut, ìgbà tí tòmáàtì bá kún ọjà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ ni. Ta ló mọ ìyẹn jù wá lọ?

Nítorí náà, kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún wá sí ìsọ̀ lójúmọ́, kó fi Yorùbá túmọ̀ wọn fún yín. Bí kò bá lè ṣe é kó yé yín, kò tíì yé òun náà. Ẹ sì fún un ní wákàtí kan tí ẹ ò ní rán an níṣẹ́.

Àwọn kan á ní Yorùbá ń ba Òyìnbó jẹ́. Irọ́ ni. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kan ní iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Òyìnbó wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Òyìnbó rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kówó fún ẹni tó ní òun á bá ọmọ yín ṣe é. Owó dikíṣọ́nárì kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wa á ṣe é lá ṣeyege. Àṣẹ.

Akọ̀wé yín